Hàwáwù àti Ọ̀nà Ẹ̀yìn Ọ̀nì

Hàwáwù ti rì dé itan kó tó gbà pé ilẹ̀ tó wà lábẹ́ òun kì í ṣe èyí tí òun mọ̀.

Ó kọ́kọ́ rò pé ẹsẹ̀ òun ló yọ̀. Ó fa ti ọ̀tún, ti òsì wọlé sí i. Ó fa ti òsì, ti ọ̀tún tún rì. Ẹrẹ̀ ọ̀sà dì í mú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí onílé tí kò fẹ́ kí àlejò rẹ̀ tíì lọ. Ó gbójú sókè wo Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́hùn-ún. Táńkì omi dúdú wà lórí ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì Alhaja Azeemah. Gogoro mọ́ṣáláṣí agboolé wọn fara pamọ́ sẹ́yìn táńkì náà, òṣùpá irin tó wà ní ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ló yọ, ó jókòó lé táńkì bí ẹyẹ tó bà. Ohun gbogbo wà níbi tó yẹ kó wà. Ilẹ̀ nìkan ni kò sí níbẹ̀.

"Bùnmi!" ó pariwo. "Dúró síbi tó o wà! Má tẹ̀ lé mi!"

Olúbùnmi, obìnrin Ìjẹ̀bú tó yá yàrá nínú agboolé wọn, tó sì máa ń bá a wá ṣa ìṣáwùrú, ti dúró kó tó gbọ́. "Ìyá Ihsan, kí lẹ lọ ṣe níbẹ̀ yẹn? Ẹ padà sójú ọ̀nà!"

"Ojú ọ̀nà ni mo wà."

"Ọ̀nà wo ló ń gbé èèyàn mì báyìí?"

Olúbùnmi da ìṣáwùrú inú ọpọ́n rọ́bà rẹ̀ nù, ó dojú ọpọ́n náà dé, ó sì tì í lórí ẹrẹ̀ títí tó fi dé ọ̀dọ̀ ìyá náà. Hàwáwù fi àyà lé e, ó ń yọ ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Nígbà tó máa fi dé ibi tó le, ìró rẹ̀ àti bùbá rẹ̀ ti di àwọ̀ kan náà. Irin oníkọ̀ọ́ tó fi ń fa akàn jáde nínú ihò ti bá ẹrẹ̀ lọ.

"Ẹ wá dà bí ẹja àrọ̀ tó bọ́ lọ́wọ́ oníbàárà," Olúbùnmi wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú Hàwáwù, ẹ̀rín náà sì tán lẹ́nu rẹ̀.

Ẹni tó bá gba orí afárá gígùn wọ Adéníji Adélé nígbà tí omi bá fà yóò rí ilẹ̀ yẹn nísàlẹ̀: ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dúdú, ó ń dán nínú oòrùn, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà wà káàkiri lórí rẹ̀. Egungun ọkọ̀ ojú omi kan tó ti jẹrà yọ síta, àwọn òpó ọgbà ẹja àtijọ́ náà yọ, lékelèké ń rìn láàárín wọn bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Ẹja kéékèèké kan wà tó ń fi àyà fò lórí ẹrẹ̀, bí ẹni pé kò rántí pé omi ni ilé òun. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, omi á padà wá bo gbogbo rẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á sì búra pé kò sí ilẹ̀ kankan níbẹ̀ rí.

Lójú ẹni tó ń kọjá lọ, ẹrẹ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkìtì gígùn kan wà lábẹ́ ẹrẹ̀ náà, yanrìn àti ìkarahun ló dì pọ̀ di í, ó gba àárín ilẹ̀ rírọ̀ lọ títí dé ibi tí akàn ńláńlá ń gbé. Ẹ̀yìn Ọ̀nì ni àwọn ará agboolé Hàwáwù ń pè é. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á rìn lọ rìn bọ̀, ẹrẹ̀ kò ní ju ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá yà kúrò lórí rẹ̀ díẹ̀, ohun tó ṣe Hàwáwù lọ́jọ́ náà ló máa ṣe é.

Lùkúmọ̀n ọkọ rẹ̀, apẹja ni, òun ló fi ọ̀nà náà hàn án nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ẹ. "Má wo ẹsẹ̀ rẹ," ló máa ń sọ fún un. "Ẹsẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Òkè ni kó o wò." Láyé ìgbà náà, igi àgbọn kan ni wọ́n fi ń ṣe àmì. Tí gogoro mọ́ṣáláṣí bá ti wọ ẹ̀yìn igi àgbọn, èèyàn ti dé orí Ẹ̀yìn Ọ̀nì nìyẹn. Nígbà tí wọ́n gé igi náà, Lùkúmọ̀n rìn káàkiri nínú ẹrẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń tẹ ibí, ó ń tẹ ọ̀hún, ó sì padà wálé pẹ̀lú àmì tuntun: táńkì orí ilé Alhaja Azeemah. Lùkúmọ̀n ti kú. Àwọn obìnrin tó ń bá Hàwáwù rìn ín, àwọn kan ti kú, àwọn yòókù ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ. Òun nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n, ó sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún.

Lákòókò òjò, ẹnikẹ́ni kì í rìn ín, nítorí pé omi òjò ń kún ọ̀sà. Ní ọdún yẹn, ọwọ́ Hàwáwù dí lákòókò náà lọ́nà mìíràn. Wọ́n ń tún mọ́ṣáláṣí agboolé ṣe, òun ló sì ń se oúnjẹ fún àwọn bíríkìlà, àsáró lónìí, ìrẹsì lọ́la. Nígbà tí òjò dá, tí oṣù tuntun lé, tí omi sì fà jìnnà bó ṣe máa ń fà lásìkò bẹ́ẹ̀, ó mú irin rẹ̀ ó sì lọ. Ohun tó bá níbẹ̀ nìyẹn.

Ó tún lọ lọ́jọ́ kejì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó tún rì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún nìkan ló dé. Ó jókòó sórí egungun ọkọ̀ yẹn, ó ń wo òkè, ó ń wo ilẹ̀.

"Àwọn tó ń wa yanrìn ló kó o lọ," Olúbùnmi sọ nígbà tó gbọ́. "Kí ni wọn ò lè kó? Wọ́n á kó ilẹ̀ ìdí yín lọ tẹ́ ẹ bá pẹ́ jókòó."

Ṣùgbọ́n Hàwáwù kò rí ọkọ̀ tó ń wa yanrìn nítòsí ibẹ̀. Bí kò bá ṣe pé wọ́n kó ilẹ̀ lọ, a jẹ́ pé orí òun ni nǹkan ti kó lọ. Èyí ló ń bà á lẹ́rù, nítorí pé òun kọ́ ló kọ́kọ́ ronú kàn án. Ihsan ni.

Ihsan ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ìkòyí, Ìkòròdú ló sì ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti Ikrimah ọmọ wọn. Ó ti ń sọ ọ́ láti ìgbà Ààwẹ̀ pé kí ìyá òun kó wá bá òun. Nígbà tí Olúbùnmi pè é lórí fóònù, ọjọ́ kejì ló dé, ọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú báàgì òfìfo lọ́wọ́.

"Ẹni tó ń gbé báàgì òfìfo kiri," Hàwáwù wí, "olè ni tàbí kó jẹ́ ọmọ tó fẹ́ jí ìyá rẹ̀ gbé."

"Màámi, ẹ má fi ṣeré. Ẹ rì sínú ẹrẹ̀."

"Ẹrẹ̀ ló gbé mi mì. Ìyẹn yàtọ̀."

"Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ bi Ikrimah pé kíláàsì wo ló wà. Ó dá yín lóhùn. A ò tíì gbé fóònù sílẹ̀, ẹ tún bi í." Ohùn Ihsan rọ̀. "Ẹ̀rù ló ń bà mí, Màámi. Ọ̀nà tẹ́ ẹ ti ń rìn kí n tó dáyé lẹ ní ẹ ò rí mọ́. Kí lẹ fẹ́ kí n rò?"

Ohun tí Hàwáwù bi ọmọ ọmọ rẹ̀ léèrè lẹ́ẹ̀mejì kò sí lórí rẹ̀ mọ́ rárá. Ó gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò yé e ni bí èèyàn ṣe lè gbàgbé ohun tó wà lójú rẹ̀ kedere. Òun kò gbàgbé àmì. Òṣùpá wà lórí táńkì.

"Ó dáa," ó sọ níkẹyìn. "Ọ̀la, tí omi bá fà, wàá dúró létí omi, wàá máa wò mí. Tí mo bá rí Ẹ̀yìn Ọ̀nì, wàá gbé báàgì rẹ lófìfo padà. Tí mi ò bá rí i, màá kó aṣọ mi sínú rẹ̀, mi ò sì ní jà."

"Ẹ búra."

"Wàláhì."

Lọ́jọ́ kejì, Olúbùnmi so okùn mọ́ ọn nídìí, ó ní àìbáàmọ̀. Hàwáwù wo ara rẹ̀. "Ẹ wò mí bí àgbò iléyá tí wọ́n ń fà lọ." Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ihsan dúró lórí òkúta etí omi, ó di bàtà rẹ̀ mú lọ́wọ́, ojú rẹ̀ le.

Hàwáwù kò kánjú. Ó dúró sínú ẹrẹ̀ tó ń tutù sí i lẹ́sẹ̀, ó ń sún sí ọ̀tún, ó ń sún sí òsì, títí tí òṣùpá irin fi wá jókòó lé àárín táńkì gan-an. Ó tẹ ẹsẹ̀ kan, ilẹ̀ gbà á. Ó tẹ ìkejì. Akàn kékeré kan sáré wọ ihò níwájú rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ẹrẹ̀ sì ṣí bí ẹnu, ó gba ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé. Ó wo òkè. Òkè ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó dúró pẹ́ láàárín àwọn méjèèjì, kò mọ èyí tó ń purọ́ fún òun.

"Màámi," Ihsan pè é. "Ẹ máa bọ̀. Ó tó."

Wọ́n fà á padà. Òun fúnra rẹ̀ ló kó aṣọ sínú báàgì náà. Nígbà tó kó ìró tí Lùkúmọ̀n rà fún un kẹ́yìn sínú rẹ̀, ó tún yọ ọ́ jáde, ó sì gbàgbé ìdí tó fi yọ ọ́. Ó dá a padà.

Ọ̀sán ti rọ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ kírun ìrọ̀lẹ́ ní mọ́ṣáláṣí, kí òun sì dágbére fún Jíbrílù. Jíbrílù ni àbúrò Lùkúmọ̀n, òun sì ni ládàánì mọ́ṣáláṣí náà. Ọdún tí Hàwáwù wọlé ọkọ ló ti sọ ọ́ ní Olóhùn-iyọ̀ nítorí dídùn ohùn rẹ̀ nígbà tó bá ń pe ìrun. Ohùn náà ti há díẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò lára rẹ̀.

Ibi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe àlùwàlá ni ó jókòó sí, lẹ́bàá ẹnu ẹ̀rọ tuntun. Ó ń da omi sẹ́sẹ̀, ẹrẹ̀ ọ̀sà ń ṣàn lọ nínú ihò omi. Abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba. Ó wo ilẹ̀. Sìmẹ́ńtì ni, ṣùgbọ́n òbírí ńlá kan hàn nínú rẹ̀, bí ojú ibi tí wọ́n ti gé igi.

"Olóhùn-iyọ̀," ó pè, "kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀?"

Jíbrílù tó ń tú okùn gbohùngbohùn lẹ́nu ọ̀nà yíjú. "Níbo?"

"Níbi tí mo jókòó sí."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ó ti ń ṣe ọ́ nìyẹn! Ìdí gogoro àtijọ́ kọ́ nìyẹn? Àwọn tó wó o, ta ló ń se àsáró fún wọn? Tí ata rẹ̀ fẹ́ẹ̀ pa wọ́n kí gogoro tó wó pa wọ́n?"

Hàwáwù nawọ́ sókè. "Gogoro wà lókè yẹn. Òṣùpá wà lórí rẹ̀."

"Èyí tó wà létí títì ni tuntun. Òṣùpá àtijọ́ la gbé sórí rẹ̀, nítorí pé irin rẹ̀ ṣì dáa. Àwọ̀ ewéko kan náà la sì fi kùn ún kó má baà ṣàjèjì lójú àwọn èèyàn." Ó sún mọ́ ọn. "Hàwáwù, kí ló dé? Ṣé o ń sunkún ni?"

Òun pàápàá kò mọ̀ bóyá ẹkún ni. Òkè náà ló ti kúrò níbi tó wà. Ilẹ̀ kò lọ síbì kankan. Ìdùnnú gbé e dìde dúró, kó sì tó dúró tán, ẹ̀rù tún mú un jókòó. Ó rí i nígbà tí wọ́n ń wó o. Eruku rẹ̀ bọ́ sínú ìkòkò rẹ̀. Láti ìgbà náà ló sì ti ń fọ ẹsẹ̀ lórí kùkùté rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ihsan kò lọ síbi iṣẹ́. Ó ní òun kò sọ pé òun gba ohun tí ìyá òun sọ nípa gogoro gbọ́, òun kò sì sọ pé òun kò gbà á gbọ́, òun á kọ́kọ́ wò ó ná. Jíbrílù gun àtẹ̀gùn dé orí mọ́ṣáláṣí, ibi tí wọ́n fi kọ́ńkéré tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì dúró sí igun tí gogoro àtijọ́ fara tì. Ó gbé ọparun gígùn kan sókè bí ẹni pé gogoro náà ṣì wà níbẹ̀. Nítorí pé ẹnikẹ́ni kò rántí mú aṣọ wá, jálàmíà òun fúnra rẹ̀ ló bọ́ so mọ́ ọn, ó wá ku òun àti ṣòkòtò pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ tètè o!" ó pariwo sí Ihsan lórí fóònù. "Gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ló ń wò mí! Apá mi ti kú, ṣé ẹ fẹ́ sọ èmi náà di gogoro ni?"

Láti inú ẹrẹ̀, jálàmíà náà rí bí ọ̀já funfun kékeré, ó sì jìnnà sí òṣùpá ju bí Hàwáwù ti rò lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí apá òsì. Ihsan tẹ̀ lé e, kò wọ bàtà, ó di okùn ìdí ìyá rẹ̀ mú. Wọ́n kọjá ibi tí gbogbo ara Hàwáwù ń sọ fún un pé kó dúró. Wọ́n kọjá egungun ọkọ̀. Níbi tí funfun náà ti wá jókòó lé táńkì, ó yíjú sí ọ̀sà, ó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, ìkarahun sì dún lábẹ́ rẹ̀.

Ó dúró. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ń dún.

"Ihsan, wá tẹ ilẹ̀."

Ihsan tẹ̀ ẹ́. Ó fò sókè níbẹ̀ bí ọmọdé, ó tún fò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n rìn ín lọ títí dé ibi tí ihò akàn pọ̀ bí ojú asẹ́, omi tẹ́ rẹrẹ ní ọ̀tún àti òsì wọn, afárá gígùn ń hó lókèèrè.

"Ẹ borí, Màámi," Ihsan wí. "Màá tú báàgì yẹn fúnra mi." Ó yíjú wo aṣọ funfun lókèèrè. "Ṣùgbọ́n ẹ rí wọn nígbà tí wọ́n ń wó gogoro. Ẹ wà níbẹ̀. Báwo ló ṣe wá jẹ́?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ ò rò ó rárá?"

"Mo mọ̀ pé wọ́n wó o. Mo mọ̀ pé gogoro wà lókè. Àwọn méjèèjì ò pàdé ara wọn lórí mi." Ó wo ọmọ rẹ̀. "Má bi mí mọ́. Mi ò mọ̀."

Omi ti ń padà bọ̀. Wọ́n kọjú sí etí omi láti padà, Hàwáwù níwájú. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń fà sí apá kan. Ihsan wo òkè, ó rí i pé òṣùpá ni ìyá òun ń tọ̀ lọ, kì í ṣe aṣọ. Ó fa okùn.

"Aṣọ, Màámi. Ẹ wo aṣọ."

Hàwáwù dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú ẹrẹ̀ rírọ̀. "Bọ́ síwájú," ó wí jẹ́jẹ́. Ihsan bọ́ síwájú.

Bí wọ́n ṣe gbójú sókè báyìí, jálàmíà náà wá sílẹ̀, ó sì pòórá. Omi kò fà lásìkò tó fà lánàá, ó ti pẹ́ sí i, ìrun ìrọ̀lẹ́ sì ti ká wọn mọ́ inú ọ̀sà. Láìpẹ́, ohùn Jíbrílù gba orí ilé jáde láti inú gbohùngbohùn gogoro tuntun, ó ń pe àwọn èèyàn sí ìrun. Ihsan sọ ohun kan tí kò yẹ kí èèyàn sọ nígbà tí wọ́n bá ń pe ìrun.

Ó dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè bí bàbá rẹ̀ ti máa ń wò ó. "Màámi, orí Ẹ̀yìn Ọ̀nì la ṣì wà báyìí, àbí?"

"A wà lórí rẹ̀."

"Láti ibí, òṣùpá kò sí lórí táńkì. Orí òpó nẹ́tíwọọ̀kì yẹn ló wà, òpó pupa àti funfun yẹn. Ẹ rí i? Ó gbé e lórí bí ẹni gbé igbá."

Hàwáwù wò ó. Òótọ́ ni. Ihsan rọra rìn, ó ń jẹ́ kí òṣùpá wà lórí òpó náà, ìkarahun sì ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn lọ títí. Hàwáwù ń tẹ̀ lé e, ó di okùn mú, ẹnu rẹ̀ ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́: òṣùpá, òpó nẹ́tíwọọ̀kì, òṣùpá, òpó nẹ́tíwọọ̀kì.

Létí omi, Olúbùnmi na ọwọ́ fà wọ́n gòkè. "Akàn dà?" ó bi wọ́n. Àwọn méjèèjì wo ọwọ́ ara wọn. Wọn ò rántí mú ẹyọ kan. Olúbùnmi rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀.

Hàwáwù kò rẹ́rìn-ín. Ó ti yíjú padà, ó ń wo ibi tí omi ti ń bo Ẹ̀yìn Ọ̀nì, ẹnu rẹ̀ sì ti dákẹ́.

"Ihsan," ó wí, "kí lo ní òṣùpá jókòó lé?"

Ihsan fi ẹsẹ̀ eléèrí wọ bàtà rẹ̀. Ó di okùn náà mú pọ̀ mọ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó sì tún un sọ fún un.